Ìran Wíwò lórí Òkè Ìdànrè: Ẹranko Ìgbẹ́, Ìtànná Ewéko àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Bí a bá ń ka ìjálá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí a dé ibi tí apohùn ti ń ki ẹfọ̀n tàbí àgbọ̀nrín, ìbéèrè kan wà tí olùkọ́ sábà máa ń fò dá: ta ni ó ti rí ẹfọ̀n rí nínú gbogbo àwọn tí ó jókòó yìí? Ní agbègbè Ìtẹ̀lé, Sàngó àti Ọ̀tà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ọjà àti ilé gbígbé ti gba ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko àwọn Àwórì láyé àtijọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro í mọ̀. Àdàbà, lékèélékèé, àwòdì àti alángbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ mọ̀ lójú. Òdòdó tí wọ́n mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí a gbìn sí iwájú ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìjọsìn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àṣà nìkan; ọ̀rọ̀ èdè ni pẹ̀lú. Orúkọ tí a kò rí ohun tí ó ń jẹ́ ẹ kì í pẹ́ di ìró lásán lẹ́nu. Akẹ́kọ̀ọ́ á mọ̀ pé ìjímèrè àti ẹdun jẹ́ "irú ọ̀bọ kan", á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìdánwò, á sì yege. Nígbà tí yóò bá fi di olùkọ́, "irú ọ̀bọ kan" náà ni òun náà yóò fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé ohun tí ojú lè rí lórí òkè kan ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyẹn Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, bí àwọn ohun abẹ̀mí orí òkè bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn, àti bí olùkọ́ ṣe lè kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wò wọ́n kí wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ bọ̀ wálé. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ìdí tí a fi mú Ìdànrè

Bí ó bá jẹ́ ti gíga òkè àti púpọ̀ ẹranko ni, a mọ̀ pé Ìdànrè kọ́ ni ó gba iwájú ní Nàìjíríà. Ọgbà Gashaka-Gumti tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa ni ó tóbi jù nínú àwọn ọgbà ìpamọ́ ẹranko ìgbẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ní agbègbè ibẹ̀ ni òkè Chappal Waddi wà, tí gíga rẹ̀ tó 2,419 mítà. Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, ọgbà tí ó yí ahoro Ọ̀yọ́ Ilé ká di ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdànrè ni ó pa òkè, igbó, ìlú àtijọ́ àti èdè Yorùbá pọ̀ sójú kan, tí olùkọ́ sì lè kó akẹ́kọ̀ọ́ láti Ọ̀tà dé ibẹ̀ ní ìrìn àjò ọjọ́ kan.

Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ fún ọmọ Ìtẹ̀lé. Iyanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ ni ilẹ̀ tiwa. Ènìyàn lè dàgbà sí ibẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ tẹ àpáta kan tí ó ti ibẹ̀ wá. Ìgbà tí ó bá ń lọ sí ìhà Abẹ́òkúta ni yóò tó máa pàdé òkúta. Àpáta Ìdànrè jẹ́ irú òkúta líle tí a ń pè ní granite, èyí tí ó ti inú iná ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wá, tí ó sì tutù sí abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń rò pé òkè náà ni ó hù jáde láti inú ilẹ̀. Ilẹ̀ ni ó lọ, òkè ni ó kù. Òjò àti ọ̀gbàrá wọ́ ohun tí kò le tó o lọ láàárín ọdún tí kò lóǹkà, ó wá yọrí síta.

Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yìí títí di nǹkan bí ọdún 1923 kí wọ́n tó máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n wà lónìí. Ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ojúbọ àti ibojì ṣì wà lókè. Àtẹ̀gùn tí ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé ibẹ̀ lé ní 600, a sì ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà. Ní ọdún 2007, wọ́n fi òkè náà kún àkójọ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń kọ nípa Ìdànrè kò kọjá ìtàn ààfin àti ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó ku apá kan.

Ohun tí ó ń hù lórí àpáta

Ẹni tí ó bá dúró ní ìsàlẹ̀ tí ó wòkè yóò rò pé òkúta lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ dúdú tí ó ṣàn wálẹ̀ lára àpáta bí omi aró kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe àwọ̀ òkúta fúnra rẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè dá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó bo ara òkúta níbi tí omi máa ń gbà kọjá, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewéko ti ń ṣe. Bí a bá ń pe àpáta ní dúdú nínú oríkì, àwọn ni a ń rí.

Koríko kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ dúró tì. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Afrotrilepis pilosa. Ó máa ń tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní sórí àpáta gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí erùpẹ̀ kò sí, tí oòrùn ọ̀sán gbóná débi pé ewéko mìíràn kò lè fi gbòǹgbò múlẹ̀. Nígbà ọyẹ́ á gbẹ, á ká ewé rẹ̀ jọ, àwọ̀ rẹ̀ á sì dà bí ti ohun tí ó ti kú. Ẹni tí kò mọ̀ lè ní kí a kúkú ṣáná sí i. Kò kú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ewé tí ó gbẹ yẹn gan-an ni yóò mu omi, tí yóò nà, tí yóò sì tún padà di tútù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe pé ewé tuntun hù rọ́pò èyí tí ó kú, èyí tí a rò pé ó kú ni ó jí. Ewéko tí ó lè ṣe báyìí kò pọ̀ ní gbogbo ayé. Kì í tètè dàgbà rárá. Ìdì kan tí a rí lórí àpáta lè ju 100 ọdún lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ tàbí àdá hú u kúrò, ohun tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú bàbá bàbá rẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé ó hú. Abẹ́ rẹ̀ ni erùpẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ti ń kó jọ, tí ewéko mìíràn fi ń rí ibi dúró. Àwọn ewéko kéékèèké kan nínú ẹbí orchid tilẹ̀ wà tí wọ́n ń hù lára igi rẹ̀ bí àfòmọ́, tí wọ́n sì ń yọ òdòdó níbẹ̀ nígbà òjò.

Ní ọdún 1957, P. W. Richards, onímọ̀ ewéko ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí àwọn ewéko Òkè Ìdànrè. D. J. Hambler tún kọ nípa ewéko orí àpáta ní apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1964. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti orúkọ Látìn ni wọ́n fi kọ iṣẹ́ wọn, ohun tí ó tọ́ sí wọn láti ṣe ni wọ́n ṣe. Ìbéèrè tí ó kù jẹ́ ti ẹ̀ka tiwa: kí ni àgbà tí a bí sí Ìdànrè ń pe koríko yìí? Kí ni ó ń pè é nígbà tí ó bá gbẹ, ṣé orúkọ kan náà ni ó ń pè é nígbà tí ó bá jí? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bi ìbéèrè yìí, tí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn bí wọ́n ṣe pè é ní ẹ̀ka-èdè Ìdànrè, ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí tòótọ́.

Nígbà òjò, omi máa ń sun láti abẹ́ koríko yìí sórí àpáta. Irú ibi bẹ́ẹ̀ lórí àwọn àpáta Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni a ti ń rí ewéko tín-ín-rín tí ń jẹ́ Utricularia, tí òdòdó rẹ̀ kò ju orí ìṣáná lọ. A ní láti bẹ̀rẹ̀ kí a tó rí i. Ẹran ni ó ń jẹ. Ó ní àwọn àpò kéékèèké nínú ilẹ̀ rírin. Bí kòkòrò inú omi bá fara kan ẹnu àpò náà, àpò á ṣí, á sì fà á wọlé kí ojú tó ṣẹ́. Inú akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dùn sí irú èyí ju ìtàn ọdún tí ọba kan gorí oyè lọ, a kò sì gbọdọ̀ bá wọn jà sí i.

Nínú igbó tí ó wà láàárín òkè àti òkè, igi ni a ó máa wò. Orúrù ń yọ òdòdó pupa bí iná, pọ́npọ̀lá sì ń wọ́ ewé rẹ̀ dànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí òdòdó pupa tirẹ̀ tó bo ẹ̀ka. Ìròsùn, tí a ń rí osùn nínú igi rẹ̀, òdòdó funfun ni ó ń yọ, èyí sì máa ń ya ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní osùn nìkan lẹ́nu. Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún wà ní etí odò. Bí a bá sì rí pèrègún, akòko àti ọ̀dán pọ̀ lójú kan nínú igbó, àwọn ọdẹ mọ̀ pé ìlú tàbí ojúbọ kan ti wà níbẹ̀ rí. Ènìyàn ni ó gbìn wọ́n. Ìtàkùn kan tún wà tí a ń pè ní Gloriosa superba, tí ìtànná rẹ̀ ká sókè bí ahọ́n iná, tí ó ń ti àwọ̀ òféfèé bọ́ sí pupa bí ó ti ń gbó. Kí olùkọ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀ gidigidi: májèlé ni láti orí dé gbòǹgbò, iṣu abẹ́ rẹ̀ sì jọ ohun jíjẹ.

Òdòdó tàbí ìtànná?

Àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá kò ka òdòdó sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Nínú èdè àtijọ́, òdòdó tún jẹ́ orúkọ àwọ̀ pupa kan àti aṣọ pupa olówó iyebíye. Ẹni tí ó bá ṣí Bíbélì Yorùbá sí ìwé Aísáyà, orí kìn-ín-ní, ẹsẹ ìkejìdínlógún, yóò rí i pé àwọ̀ pupa ni àwọn olùtúmọ̀ fi òdòdó pè níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ewéko ń yọ, ìtànná ni wọ́n sábà lò. Ìtànná ti inú "tan iná" wá. Ewéko tí ó tanná ni ó gbé fìtílà síta. Ní ojú tiwa, ọ̀rọ̀ náà dára ju kí a jẹ́ kí ó kù sínú ìwé orin nìkan.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé orúkọ tí Yorùbá fún ewéko kì í sábà ti ara ìtànná wá. Ewé, èèpo, egbò àti ohun tí ewéko ń ṣe ni ojú onísègùn wà. Patanmọ́ gba orúkọ rẹ̀ nítorí pé ó ń pa itan mọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án, kì í ṣe nítorí òdòdó rẹ̀ tí ó rí róbótó. Ìwé ńlá tí Pierre Verger tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 lórí ewéko nínú ìgbé ayé Yorùbá, Ewé ni ó pe àkọlé rẹ̀, ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí òdòdó kan lórí òkè, kí ó má béèrè pé "kí ni orúkọ òdòdó yìí?" Ó lè má rí ìdáhùn. Kí ó fi ewé rẹ̀ han àgbà, kí ó ní "kí ni ẹ ń pe ewé yìí, bàbá?" Ìdáhùn á yá.

Ẹranko tí a lè rí, àti èyí tí a ó kàn gbọ́

Kí olùkọ́ má ṣe ṣèlérí ẹkùn àti erin fún ẹnikẹ́ni. Oko kòkó ti gba púpọ̀ nínú igbó Ìdànrè, ìbọn sì ti dín ohun tí ó kù kù. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti erin, kí a rántí pé ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa gan-an ni ó ní igbó ọba Ọmọ, níbi tí erin ṣì wà. UNESCO sì ti ka apá kan rẹ̀ mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ ohun abẹ̀mí láti ọdún 1977. Ní igbó ọba Ìsẹ̀ ní Èkìtì, díẹ̀ nínú àwọn ìnàkí tí a ń pè ní chimpanzee ṣẹ́ kù.

Alángbá ni yóò kọ́kọ́ kí wa lórí àpáta. A mọ̀ ọ́n nílé, ṣùgbọ́n orí òkúta ni ibùgbé rẹ̀ gan-an. Akọ tí orí rẹ̀ pọ́n, tí ara rẹ̀ sì dúdú mọ́ àwọ̀ aró, ni ó ni agbègbè náà. Bí ó ṣe ń mi orí, ìkìlọ̀ ni ó ń ṣe fún akọ mìíràn. Ní òwúrọ̀ á máa yá oòrùn, nítorí ara rẹ̀ kò lè dá gbóná fúnra rẹ̀.

Èyí tí ó wù wá jù lọ kì í jáde lọ́sàn-án. Òfàfà, tí àwọn mìíràn ń pè ní awáwà, kò ju ehoro ńlá lọ, igi ni ó ń gùn, òru ni ó sì ń ké. Bí ó ti kéré tó, erin àti ẹran inú omi tí à ń pè ní manatee wà lára àwọn tí ó bá a tan jù lọ nínú gbogbo ẹranko tí ó wà láyé lónìí. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan, tí John Oates ṣáájú wọn, tí Rachel Ikemeh ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé òfàfà tí ó wà láàárín odò Volta àti Odò Ọya kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú àwọn tí ó wà ní òdìkejì odò méjèèjì. Wọ́n fún un ní orúkọ tuntun, Dendrohyrax interfluvialis. Kí ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fura? Ohùn rẹ̀ ni. Àwọn ti òdìkejì máa ń han bí ẹni tí ìyà ń jẹ. Tiwa ń gbó. Ilẹ̀ Yorùbá wà láàárín odò méjèèjì wọ̀nyí, àwọn ọdẹ wa sì ti ń sun inú igbó gbọ́ ohùn yẹn kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó kọ ìwé náà. Etí gbọ́ ọ. A kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìjálá kọ́ wa pé àwọn ọdẹ kì í wo ẹranko láti pa á nìkan. Iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá tí ó jáde ní ọdún 1966 lórí ìjálá ti fi hàn wá bí oríkì ẹranko ti kún fún ìrísí, ìrìn àti ìwà wọn. Ẹni tí kò jókòó wò kò lè ki irú oríkì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn máa wo ẹranko láìyìnbọn, ìjálá ni a ó fi dá a lóhùn.

Ní ti ẹyẹ, agbe àti àlùkò ni akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ jù nínú orin, pẹ̀lú aró àti osùn wọn. Ibi tí igi ńlá bá kù sí ni a ti lè wá irú wọn. Odídẹrẹ́ ti di ọ̀wọ́n. Ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan láti fi òfin tí ó le jù de òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ti igún ni ó dùn wá jù. Ní ọdún 2015 ni a kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parun pátápátá. Májèlé wà lára ohun tí ó fà á, ṣùgbọ́n ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títa orí àti ẹ̀yà ara rẹ̀ fún oògùn wà lára ohun tí ó burú jù níbẹ̀. Ó yẹ kí a sọ èyí láìfi bò ní ẹ̀ka Yorùbá, nítorí pé àwa náà ni a ń kọ́ ọmọ ní òwe pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó mọ̀ pé òfin ni òwe yẹn, tí wọ́n sì ti ń rú u?

Bí a ṣe lè lọ wò ó

Ìrìn àjò láti Ìtẹ̀lé lè gba ọ̀sán kan gbáko, nítorí náà kí a ṣètò láti sùn ní Ìdànrè ní òru kan ó kéré tán. Láìsùn, a kò ní gbọ́ òfàfà, a kò sì ní wà lórí òkè nígbà tí ẹyẹ ń jí. Ní àárín òjò, àpáta a máa yọ̀, ó sì léwu. Ní àárín ọyẹ́, koríko ti gbẹ, ìkùukùu ọyẹ́ sì ń bo ojú òkè. Ìparí oṣù kẹwàá ni àwa yàn: òjò ti ń dínkù, ewéko ṣì tutù. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i bí koríko yẹn ṣe ń jí yóò ní láti lọ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá tó fún olùkọ́ kan. Aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí ti ilẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀. Kí wọ́n pa fóònù lẹ́nu mọ́, kí wọ́n jókòó sójú kan fún ìṣẹ́jú ogún láìsọ̀rọ̀. Ẹranko kì í wá bá ẹni tí ń pariwo. Kí a gba àyè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú kí a tó sún mọ́ ojúbọ èyíkéyìí, pàápàá bí ó bá bọ́ sí ìgbà ọdún Òrósùn tí wọ́n sábà máa ń ṣe ní oṣù karùn-ún. Kí a wá ọdẹ àgbà kan tí yóò bá wa rìn, kí a sì san owó iṣẹ́ fún un bí a ti ń san án fún olùkọ́, nítorí olùkọ́ ni.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọjọ́ àti wákàtí, kí ó ya ohun tí ó rí, kí ó sọ ìrísí rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ó tó kọ orúkọ. Bí ọdẹ bá pe ẹranko kan ní ẹdun, tí ìwé atúmọ̀-èdè sì sọ ohun mìíràn, kí ó kọ méjèèjì, kí ó má ṣe yan ọ̀kan. Lẹ́yìn tí a bá padà dé, oríkì ẹdun tí àwọn ìbejì ń jẹ ni kí a kọ́kọ́ kà ní kíláàsì, kí ẹni tí ó rí ẹranko náà, tàbí tí ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ó ti rí i, dìde ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí kò lọ.